Àgbò Gìrìpá àti Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Àbúrò Mi

Fàtímọ̀, ọmọ ọmọ mi, ló ní kí n jókòó, kí n sọ bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ àgùntàn sísìn láti ìgbà ọmọge títí mo fi di arúgbó, kí òun máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Ní tèmi, kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Mo lè ka orúkọ mi, mo lè ka nọ́ńbà tó wà lára fóònù, ó tán. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n bí mo bá máa sọ ọ́, n kò ní fo ibì kankan. Ibì kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ojú ń tì mí láti sọ. Bí mo bá fò ó, irọ́ kejì ni mo pa yẹn, ti àkọ́kọ́ gan-an ṣì wà lọ́rùn mi.

Ṣakí ni wọ́n ti bí mi. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu àti ọkà bàbà ló ń gbìn. Àwa méjì ni ìyá wa bí kó tó kú: èmi, àti àbúrò mi ọkùnrin, Ràfíù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí bàbá wa rí i pé òun kò lè dá tọ́ wa, ó kó wa lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Sàlámọ̀, tó ń sin àgùntàn lẹ́yìn ìlú, ní ọ̀nà oko. Owó oṣù kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà, abo àgùntàn kan sì wà fún ẹni tó bá ṣe é dé òpin. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá Sàlámọ̀! Obìnrin náà kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá wúkọ́ nínú yàrá, àgbò tó ń jà á dúró jẹ́ẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a lò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹran kankan. Iṣẹ́ wa ni ká já ewé ọ̀dán wá, ká gbá ọgbà, ká sì jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ká máa wò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kó tó bu oúnjẹ fún wa, á bi wá léèrè ohun tí a rí.

Ọjọ́ kan, mo ní, "Àgùntàn dúdú yẹn ń bínú."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ? Ṣé ó bá ọ sọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó o rò. Ohun tó o rí ni mo bi ọ́."

Mo ronú. Mo ní, "Mo rí i pé kò jẹun láti àárọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó sì ń dá dúró ní kọ̀rọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn lo rí. Ẹran tó fẹ́ bímọ lò ń wí pé ó ń bínú. Bí o ṣe máa dé ilé ọkọ nìyẹn, tí wàá máa bá obìnrin tó ń rọbí jà?"

Ràfíù bú sẹ́rìn-ín, ó sì gba ìfọ́tí tirẹ̀ kí ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àgùntàn dúdú bí ìbejì.

Ẹ̀yin ọmọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àgùntàn kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń fi ohun tó fẹ́ rí rọ́pò ohun tó wà níwájú rẹ̀, òkú ẹran ni yóò máa gbé jáde nínú ọgbà.

Òfin kejì tí Ìyá Sàlámọ̀ ní le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àgùntàn tó wà lọ́gbà rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn ará àdúgbò máa ń kó abo ẹran wọn fún un sìn, bí ó bá bímọ, wọ́n á jọ pín ọmọ náà. Nítorí náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́gbà, ilé púpọ̀ ló bà jẹ́ fún. Ìyá Sàlámọ̀ ní ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ láti ojúlé dé ojúlé tí ọ̀rọ̀ kàn, yóò kágò, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí yóò wí ni pé, "Àgò onílé o. Èmi ni mo ṣe é, ẹlòmíràn kọ́." Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá sọ ohun tó ṣe.

Ràfíù ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà náà. Ó gbàgbé láti ti ọgbà, àgùntàn sì lọ jẹ gbogbo gbodo tí obìnrin kan sá sórí àpáta, iṣu tó ti bọ̀, tó ti gé, tó ń retí kó gbẹ. Ó lọ, ó kágò. Obìnrin náà bú u títí kan eyín ẹnu rẹ̀. Nígbà tó dé, ó jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dùn mí títí mo fi sọ ọ́ tán. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán báyìí, ara mi fúyẹ́." Mo gbọ́ ọ. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí mo máa wá ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló ń kọ́ mi.

Nígbà tó di ọdún kẹfà tí a ti wà níbẹ̀, Ìyá Sàlámọ̀ pè mí, ó ní ó tó àkókò kí èmi náà yan àgbò. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àgbò kan ṣoṣo ni a máa ń fi sílẹ̀ fún gbogbo abo ọgbà. Àwọn akọ yòókù, a ó tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, kí aláìlera má baà gun abo kó bí ọmọ aláìlera. Bí èèyàn bá ṣi àgbò yàn, ọdún kan ló ṣì.

Èmi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gìrìpá ni mo mú. Ẹ ò rí àgbò náà! Funfun ni, àyíká ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni lé tìróò, ìwo rẹ̀ sì ká bí okùn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ a máa dúró kí i bíi pé olóyè ni.

Ìyá Sàlámọ̀ ní, "Kí lo rí lára rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ wo ìwo rẹ̀, Ìyá."

Ó wo ìwo náà. Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lo yàn án o."

A tẹ àwọn yòókù lọ́dàá. Òjò dé, a kò lè da ẹran sílẹ̀ mọ́ nítorí oko, gbogbo wọn wà nínú ọgbà. Gìrìpá kò gun abo kankan. Abo tó ń wá akọ á wá fi ara ra á lára, Gìrìpá á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ àná síwájú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn akọ ló ń lọ. Òdá pupa kan wà níbẹ̀, òun ni Gìrìpá ń gbóòórùn rẹ̀, òun ló ń gùn, òun ló ń bá jẹ koríko. Bí a bá so pupa náà síbòmíràn, Gìrìpá kò ní jẹun.

Ràfíù ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbò yìí kò fẹ́ abo o. Akọ ló fẹ́."

Mo ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

"Ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Ìwọ kọ́ lo yàn án. Má rí nǹkan kan."

Mo fún Gìrìpá lágbo. Mo nà án ní pàṣán. Mo tì í mọ́ àárín àwọn abo ní òun nìkan, fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Bí Ìyá Sàlámọ̀ bá bi mí ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ni mo rí, mà á ní, "Mo rí i pé Gìrìpá wà láàárín àwọn abo." Òótọ́ ni, àbí? Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń kọ́kọ́ wọ aṣọ òótọ́.

Oṣù márùn-ún ni àgùntàn ń lóyún. Oṣù márùn-ún pé, ó lé, ọgbà dákẹ́. Kò sí ọmọ kan tó ké. Ọdún yẹn ni wọ́n ń pè ní ọdún tí àgùntàn kò bí. Àwọn tó ti ń retí ẹran ọdún, àwọn tó fẹ́ fi ti inú ẹran wọn sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Ilé mọ́kànlá ni mo yí ká. "Àgò onílé o. Èmi ni mo ṣe é, ẹlòmíràn kọ́. Ìwo ni mo fi yan àgbò." Bàbá arúgbó kan dáhùn láti inú yàrá, ó ní, "Ṣé àgbò lo lọ yàn ni, àbí ọkọ?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé n óò kú.

Nígbà tí mo dé, Ìyá Sàlámọ̀ wà lórí àpótí, Ràfíù ń bu omi fún ẹran. Ràfíù bi í léèrè, ó rọra bi í ni, "Ìyá, ta ló kọ́ ọ?"

"Kọ́ ta?"

"Gìrìpá."

Ó ní, "Ta ní ń kọ́ àgbò ní ohun tí yóò fẹ́? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo máa rí láyé mi nìyí. Ìyá mi náà rí irú rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ wá mọ̀, ẹ ò sọ fún mi?"

"O bi mí ni? Ìwo lò ń fi hàn mí." Ó yíjú sí Ràfíù. "Ẹ má ta ìyá rẹ̀ o. Ẹ kíyè sí i pé ìyá Gìrìpá yẹn ló ń bí ìbejì ju gbogbo abo ọgbà yìí lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin náà ń bí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ìdí. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ràfíù lọ jókòó ti Gìrìpá, ó ń fọwọ́ pa á lórí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé àánú àgbò ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gba abo àgùntàn mi, mo lọ sílé ọkọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọgbà tèmi. Irinṣẹ́ ti yí padà lójú mi o. Ọ̀bẹ ni a fi ń tẹ ẹran lọ́dàá nígbà náà, eérú ni a ń fi sí ojú ọgbẹ́, eṣinṣin sì ń pa nínú wọn. Lóde òní, irin kan wà tó dà bí ẹ̀mú, wọn a fi fún iṣan ẹpọ̀n rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kankan kò ní jáde. Bí kata bá dé, àìsàn burúkú tí ń mú imú ẹran ṣàn, tí ń mú un ya ìgbẹ́ gbuuru, ọgbà odindi lè tú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi omijé sin ẹran kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ẹran á sùn, á jí. A máa ń fi ẹsẹ̀ da àgbò lọ sí ọjà Ìsẹ́yìn nígbà kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà. Lónìí, Fàtímọ̀ á ya àwòrán àgbò, oníbàárà á rí i lórí fóònù, á ní kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí òun rí ìdí rẹ̀. Ohun tí kò yí padà ni ojú. Abẹ́rẹ́ kò lè bá ọ wo ẹran.

Wọ́n wá ń pè mí ní Ìyá Alágùntàn. Láti Òkèhò títí dé Ìlúà ni wọ́n ti ń wá bi mí nípa ẹran wọn. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ lórí ẹran, ó parí. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ràfíù di télọ̀. Ọkọ mi kú nígbà tí àkọ́bí mi, Rábì, ṣì kéré, ọmọ mẹ́rin ló sì fi sílẹ̀. Ta ló dìde? Ràfíù ni. Kò sí èyí nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà tí kò wọ aṣọ ilé ìwé tí Ràfíù fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Nígbà tí ìgbóná mú Rábì, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kò fẹ́yàwó. Bí wọ́n bá ń béèrè, á ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́rin ń pariwo létí mi, ẹ ẹ́ fi ìyàwó kún un?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á kọjá.

Ó wá di ìgbà kan, Ràfíù ti tó ẹni ogójì ọdún, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ jọ ń gbé inú ilé kan. Ẹnì kan rí ohun tí kò yẹ kó yọjú sí lójú fèrèsé, ó sì gbé e kiri ìlú. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìrun Àìlà, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní agboolé wa. Súnmọ́nù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ó ní, "Àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́! Ọ̀dọ̀ olùkọ́ yẹn ló ti kọ́ ọ. Ohun tí ẹranko inú igbó kò ṣe, èèyàn ló wá ń ṣe é ní agboolé wa?"

Ràfíù ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún.

Súnmọ́nù yíjú sí mi. "Ẹ̀rí mi nìyí. Ìyá Alágùntàn, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹran ju ẹni gbogbo lọ. Ṣé ẹ ti rí akọ ẹran tó ń fẹ́ akọ ẹran rí?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó Rábì. Àwọn tó fẹ́ ẹ kì í ṣe ará ìlú wa, wọn kò mọ̀ wá dénú, mo sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá sáyé ní ìdílé wa, wọn kò ní dá ẹsẹ̀ wọn padà sí ẹnu ọ̀nà mi. Ohun tí mo rò nìyẹn. Ìyá Sàlámọ̀ kò bi mí ní ohun tí mo rò.

Mo ní, "Rárá. N kò rí i rí. Ẹranko kì í ṣe é."

Ràfíù gbé ojú sókè. Kò bínú. Ojú tó fi wò mí, ojú tó fi ń wo Gìrìpá ni. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn bùbá rẹ̀, ó sì lọ.

Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ti sọdá ibodè, ó di Pàràkú. N kò mọ ibi tí olùkọ́ náà gbà. Rábì ṣègbéyàwó. Ràfíù fi aṣọ ìyàwó tó ti rán sílẹ̀ fún un ránṣẹ́ láti ọwọ́ awakọ̀ kan. Ó bá a mu rẹ́gí. N kò lè wo ọmọ mi nínú aṣọ náà.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, ó fọ́. Èyí tí mo sọ kò fọ́ o, ńṣe ló pa. Ó di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbi gbogbo: "Ìyá Alágùntàn gan-an sọ pé ẹranko kì í ṣe é." Wọ́n fi lé ọmọkùnrin mìíràn jáde nílé bàbá rẹ̀, ní ìlú tí mi ò dé rí. Èèyàn kan ló wá sọ fún mi, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó kọjá ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ní ọdún tó lọ, Ràfíù ránṣẹ́ pé ojú òun ti ń ṣú, òun kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, òun fẹ́ wá lo ìyókù ọjọ́ ayé òun ní yàrá bàbá òun. Baálé ilé wa, ẹni pẹ̀lẹ́, pe ìpàdé. Abẹ́ máńgòrò kan náà. Súnmọ́nù ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀, Tíṣà Jìmọ́, wà níbẹ̀, ohùn bàbá rẹ̀ ló jogún. Fàtímọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ló ń kọ́ ní yunifásítì.

Tíṣà ní, "Ẹ jẹ́ ká fi làákàyè sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń sọ lórí rédíò pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá wọn. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ṣé kò yẹ kó ti parẹ́ tipẹ́? Àgbàdo tí kò so, níbo lẹ ti fẹ́ rí irúgbìn rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Fàtímọ̀ ní, "Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ń bi ara wọn. Àwọn kan ní ohun tó ń mú ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin lè jẹ́ ohun kan náà tó ń mú àwọn obìnrin inú ìdílé rẹ̀ bímọ púpọ̀. Àwọn kan ní ẹni tí kò bímọ ń bá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tọ́ tiwọn, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì parun. Àwọn mìíràn ní inú oyún ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣì ń jiyàn."

"Ẹ̀n! Wọn ò mọ̀!" Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o, ó ní wọn ò mọ̀!"

"Wọn ò tíì mọ ìdí rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó wà. Ìgbà wo làwọn bàbá wa mọ ohun tó ń mú òjò rọ̀? Ṣé òjò kò pa wọ́n ni? Lára àgùntàn pàápàá—"

"Irọ́! Má fi àgùntàn tàn wá jẹ. Ìyá àgbà rẹ ló jókòó yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lójú bàbá mi pé ẹranko kì í ṣe é. Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Baálé ní, "Tíṣà, ẹran kì í ṣe èèyàn. Ohun tí ẹran ń ṣe kò sọ nǹkan di rere, kò sọ ọ́ di búburú. Àgùntàn kì í kírun, ṣé ká má kírun ni?"

"Baálé, àwa kọ́ la gbé ẹran dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ̀rí ni bàbá mi béèrè nígbà yẹn, wọ́n sì fún un."

Wọ́n tún wò mí, bíi tọjọ́ kìíní. Ìgbà yìí, kò sí ìgbéyàwó kankan tí mo ń ṣọ́. Ojú tì mí pé títí n kò fi ní ohun tí mo máa pàdánù, n kò rí ẹnu sọ ọ́.

Mo ní, "Mo purọ́. Ẹranko ń ṣe é. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì kí n tó lọ ilé ọkọ, Ràfíù náà rí i. Àwa méjèèjì la jọ wà níbẹ̀. Mo sì ti rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọgbà tèmi. N kò mọ ìdí. Ìyá Sàlámọ̀ náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi mí ni bóyá mo rí i, mo sì rí i."

Tíṣà ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi sọ pé ẹ ò rí i?"

"Ẹ̀rù bà mí."

Baálé ní kí Ràfíù máa bọ̀, ilé bàbá rẹ̀ ni. Tíṣà dìde, ó ní òun kò sọ pé òun fara mọ́ ọn, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ parí lójú wọn. Lójú tèmi, kò parí. Wọ́n kò kọ́ mi pé abẹ́ igi ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ọ̀pá mi. Gbogbo ilé tí aṣojú wọn wà ní ìpàdé àkọ́kọ́ ni mo lọ. "Àgò onílé o. Èmi ni mo ṣe é, ẹlòmíràn kọ́." Ọmọ àti ọmọ ọmọ ló ń jáde sí mi. Àwọn tí mo parọ́ fún ti wà nínú ilẹ̀. Ìyàwó ilé kan ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, oòrùn ń mú, ta lẹ ń wá?" Mo sọ orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti kú, ó pẹ́. Mo ní kí òun náà gbọ́ ọ. Ilé kan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ní ilé Tíṣà, ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi.

Nígbà tí mo dé ilé, mo ní kí Fàtímọ̀ pe Ràfíù. Mo ròyìn fún un pé baálé ti gbà, pé wọ́n ti gbá yàrá rẹ̀, pé mo ti yí gbogbo ilé ká.

Ó ní, "Ẹ dé ilé Súnmọ́nù?"

"Mo dé ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ."

Mo ń gbọ́ ariwo ọjà Pàràkú lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku ilé kan."

"Èwo ni mo gbàgbé?"

"Tèmi."

Láti ọgbọ̀n ọdún ó lé, a ti kí ara wa lórí fóònù, a ti bá ara wa dárò, a ti sọ ti ojú tó ń dùn ún àti ti ìdí tó ń ro mí. N kò sọ ọ́ fún un rí. Fàtímọ̀ fẹ́ bá mi gba fóònù, mo ju ọwọ́ sí i pé kó fi mí sílẹ̀. Mo dìde dúró. Èèyàn kì í jókòó kágò.

Mo ní, "Àgò onílé o."

Ó ní, "Àgò yà."

Mo ní, "Èmi ni mo ṣe é, Ràfíù. Ẹlòmíràn kọ́."